Bí a ṣe ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ti dúró láìséwu

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí ọkọ̀ bá ti dúró, tí ẹ́ńjìnnì sì ti kú, ewu ìrìnàjò ti tán nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọkọ̀ tí a gbé sí ẹ̀bá títì kò tíì yọwọ́ nínú ohun tó ń lọ lójú títì, nítorí pé ó ní àwọn ilẹ̀kùn tó lè ṣí sójú ọ̀nà ẹlòmíràn láìròtẹ́lẹ̀, àwọn tó wà nínú rẹ̀ kò sì tíì mọ ohun tó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn wọn. Ohun tó ń rú ọ̀pọ̀ lójú ni pé àwọn ìmọ̀ràn tí wọ́n ń gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí dà bí ẹni pé wọn kò bára mu. Ẹnìkan ní kí a wo dígí, ẹlòmíràn ní dígí kò tó. Ẹnìkan ní kí a fi ọwọ́ tó jìnnà sí ilẹ̀kùn ṣí i, ẹlòmíràn ní àṣejù ni. Ẹnìkan ní jíà ni kí a kọ́kọ́ fi sípò, ẹlòmíràn ní bíréèkì ọwọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Ohun tí mo fẹ́ ṣe níhìn-ín ni pé kí n sọ ìdí tó wà lẹ́yìn ìmọ̀ràn kọ̀ọ̀kan, nítorí ẹni tó bá mọ ìdí tí a fi ń ṣe nǹkan lè lo òye ara rẹ̀ níbi tí òfin kò ti sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ara ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Bí a bá ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ gbayawu, ó máa ń yọ síta tó nǹkan bíi mítà kan, ti ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì sì sábà máa ń gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mítà kan yìí gan-an ni àyè tí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ sábà máa ń gbà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tó dúró, nítorí pé òun náà ń sá fún àwọn ọkọ̀ tó wà láàárín títì. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ní ìwọ̀n kìlómítà 20 ní wákàtí kan ń lọ tó mítà 5 àti ààbọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Alùpùpù tó ń sáré kìlómítà 50 ní wákàtí kan ń lọ tó mítà 14 láàárín àkókò kan náà. Ó sì máa ń gba ènìyàn tó ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ojú tó rí nǹkan, kí ọpọlọ tó mọ ohun tó jẹ́, kí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ tó tẹ bíréèkì. Nítorí náà, bí ilẹ̀kùn bá ṣí nígbà tí ó ku mítà 5 kí ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ dé ibẹ̀, kò sí ọgbọ́n tí ó lè dá: yóò ti dé ibi ilẹ̀kùn náà kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan bíréèkì. Ẹni tó lè dènà ìjàǹbá náà ni ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀, kò sì lè ṣe é àfi kí ilẹ̀kùn tó ṣí.

Bí ìjàǹbá náà ṣe ń ṣẹlẹ̀ yẹ kó yé wa dáadáa, nítorí pé gbígbá ilẹ̀kùn nìkan kọ́ ni ọṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Etí ilẹ̀kùn tín-ín-rín, irin sì ni. Bí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tó wà ní ìhà ọkọ̀ bá kọ́ etí ilẹ̀kùn yìí, yóò tì sẹ́yìn, táyà iwájú yóò yí sí ìhà ọkọ̀ lójijì, ara ẹni tó ń gùn ún yóò sì ṣubú sí ìhà kejì, ìyẹn àárín títì, níbi tí àwọn ọkọ̀ mìíràn ti ń bọ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kẹ̀kẹ́ kò tilẹ̀ ní kan ilẹ̀kùn rárá. Ẹni tó ń gùn ún yà fún un, ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló sì gbá a. Ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn lè kúrò níbẹ̀ láìmọ̀ pé òun lọ́wọ́ nínú ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí pé ohunkóhun kò kan ọkọ̀ tirẹ̀. Ewu náà kò sì yọ ẹni tó ń bọ́ sílẹ̀ sílẹ̀: ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà nílẹ̀, tí èkejì ṣì wà nínú ọkọ̀, wà láàárín ilẹ̀kùn àti ara ọkọ̀, ibẹ̀ ni ọkọ̀ tó bá gbá ilẹ̀kùn náà yóò sì fún un mọ́.

Lórí ta ló jẹ̀bi, àríyànjiyàn tí a máa ń gbọ́ ni pé, "Mo ti dúró ní tèmi, òun ló yẹ kó rí mi." Òfin kò gba èyí wọlé. Àdéhùn àgbáyé lórí ìrìnnà ojú pópó, èyí tí wọ́n ṣe ní ìlú Vienna lọ́dún 1968, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì ti wọ inú rẹ̀, sọ ọ́ ní ẹ̀ka 24 pé ó jẹ́ èèwọ̀ láti ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, láti fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí, tàbí láti bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, láìjẹ́ pé a ti rí i dájú pé ohun tí a fẹ́ ṣe kò lè fi àwọn mìíràn tó ń lo ọ̀nà sínú ewu. Ẹ kíyè sí i pé ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló dárúkọ. Ṣíṣí ilẹ̀kùn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rántí, ṣùgbọ́n fífi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí náà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tó bọ́ sílẹ̀ dáadáa, tó wá dúró tó ń bá ẹni inú ọkọ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn ṣì la ẹnu sójú títì, ti rú òfin náà bí ẹni tó ṣí i láìwo ẹ̀yìn ṣe rú u. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé òfin náà kò sọ pé awakọ̀ nìkan ni ó kàn. Ẹnikẹ́ni tó bá na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí, ì báà jẹ́ èrò tó jókòó sẹ́yìn tí kò mọ ọkọ̀ wà rárá.

Wàyí o, kí ni ṣe tí wọ́n fi ń sọ pé dígí kò tó? Dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ wúlò, òun ló sì yẹ kí a kọ́kọ́ wò. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, àárín dígí yìí wú síta díẹ̀ kí ó lè kó ibi tó gbòòrò jọ, èyí sì ń mú kí ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀ kéré sí bí ó ṣe rí gan-an, kí ó sì dà bí ẹni pé ó ṣì jìnnà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ ìkìlọ̀ sára dígí àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà, pé ohun tí à ń rí nínú rẹ̀ sún mọ́ tòsí ju bí ó ṣe hàn lọ. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ kò sanra tó ọkọ̀. Nínú irú dígí bẹ́ẹ̀ ó lè má ju ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tó dúró lẹ́yìn yín, pàápàá ní ìrọ̀lẹ́ tàbí nígbà tí omi òjò bá wà lára dígí. Yàtọ̀ sí èyí, ibì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, láti èjìká awakọ̀ lọ sẹ́yìn, tí dígí kankan kò dé. Odidi ènìyàn lórí kẹ̀kẹ́ lè wà níbẹ̀ kí dígí sì ṣófo. Ohun tó tún burú jù ni pé èrò tó jókòó sẹ́yìn kò ní dígí kankan tí wọ́n ṣe fún un, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀kùn tirẹ̀ ń ṣí sójú títì gẹ́gẹ́ bí ti awakọ̀. Bí ẹ bá bi mí, ibi tí mo ti ń bẹ̀rù jù nìyẹn: ẹni tó ń sanwó ọkọ̀, tó ń kánjú, tí ọkọ̀ dúró fún un fún ìgbà díẹ̀ láàárín sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, tí ó wá ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn síta lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tí wọ́n fi ń dí àlàfo tí dígí fi sílẹ̀ yìí rọrùn débi pé àwọn kan ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọwọ́ tó jìnnà sí ilẹ̀kùn ni kí ẹ fi ṣí i. Bí ilẹ̀kùn bá wà lápá òsì yín, ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ nà kọjá àyà. Bí ó bá wà lápá ọ̀tún, ọwọ́ òsì ni. Orúkọ àwọn ará Netherlands, níbi tí kẹ̀kẹ́ ti pọ̀ púpọ̀ lójú títì, ni àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe àṣà yìí. Ìwé òfin ojú pópó ti ilẹ̀ Brítéènì náà ti gbà á wọlé: àtúnṣe tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 29, oṣù kìíní, ọdún 2022, sọ ọ́ nínú òfin 239 pé níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe, ọwọ́ tó wà ní òdìkejì ilẹ̀kùn ni kí a fi ṣí i.

Ẹ dán an wò níbi tí ẹ jókòó sí yìí, kí ẹ sì wo ohun tí ara yín yóò ṣe. Bí ẹ bá fi ọwọ́ tó wà nítòsí ilẹ̀kùn mú háńdù rẹ̀, ìgúnpá nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Orí lè kọjú síwájú, ojú lè wà lórí fóònù, ilẹ̀kùn yóò sì ṣí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá na ọwọ́ kejì kọjá àyà, èjìká yóò tẹ̀lé e, àyà yóò yí sí ìhà ilẹ̀kùn, ọrùn yóò yí pẹ̀lú rẹ̀, ojú yóò sì kúrò lára dígí bọ́ sórí fèrèsé, kí ó tó kọjá lọ sójú títì tó wà lẹ́yìn. Ibi tí dígí kò dé gan-an ni ojú dé yẹn. Àǹfààní kejì kò hàn gbangba tó ti àkọ́kọ́: ọwọ́ tó ti na kọjá àyà kò ní agbára púpọ̀ mọ́, kò sì lè lọ jìnnà, nítorí náà kò lè ju ilẹ̀kùn síta pátápátá lẹ́ẹ̀kan. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò ṣí, á sì dúró.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ara ló gba èyí. Ẹni tí èjìká ń dùn, aboyún, ẹni tó sanra tí ibi ìjókòó rẹ̀ há, ẹni tó gbé ọmọ lé itan, kò ní rọrùn fún wọn láti na ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, nítorí pé ọwọ́ kọ́ ni iṣẹ́ náà wà fún; ojú ni. Ẹni tí kò lè na ọwọ́, kí ó mọ̀ọ́mọ̀ yí orí wo ẹ̀yìn láti ojú fèrèsé kí ó tó kan háńdù. Bákan náà, ẹni tó na ọwọ́ kejì ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ wà lórí àpò tó fẹ́ gbé kò tíì ṣe nǹkan kan. Mo ti rí àwọn tó ń ṣe é bẹ́ẹ̀, wọ́n sì gbà pé àwọn ń pa òfin mọ́.

Lẹ́yìn tí ojú bá ti wo ẹ̀yìn, kí ilẹ̀kùn ṣí ní ìpele méjì. Kí ẹ kọ́kọ́ ṣí i ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, kí ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì. Àlàfo kékeré yìí ń ṣe iṣẹ́ fún ẹni méjì. Ó ń jẹ́ kí ẹ̀yin rí ojú títì láìsí gíláàsì, òjò tàbí dúdú fèrèsé láàárín, ó sì ń sọ fún ẹni tó ń bọ̀ pé ẹnìkan fẹ́ bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, kí ó lè yà tàbí kí ó dẹ eré rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wo ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ ṣí i ní ìwọ̀n tí ara yín nílò nìkan, kí ẹ jáde, kí ẹ sì tì í lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé etí. Kẹ̀kẹ́ kì í dún, ọkọ̀ tó ń fi bátìrì ṣiṣẹ́ kì í sì dún tó ohun tí etí wa ti mọ̀ mọ́ ọkọ̀.

Ìmọ̀ràn tó tún yẹ kí a tú wò ni èyí tó ní kí èrò máa bọ́ sílẹ̀ ní ìhà ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, kì í ṣe ní ìhà títì. Ìmọ̀ràn gidi ni. Bí àyè bá wà fún ẹni tó jókòó sí ìhà títì láti sún kọjá sí ìhà kejì, kí ó sún. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti rò pé ìhà yẹn kò nílò àyẹ̀wò rárá, èyí kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ wà láàárín ibi tí ọkọ̀ ń dúró sí àti ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, ìyẹn ni pé ìhà ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ gan-an ni kẹ̀kẹ́ ń gbà kọjá. Arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn, ọmọdé tó ń sáré, ẹni tó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara, gbogbo wọn lè wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìhà náà sàn ju ìhà títì lọ nítorí pé eré ohun tó ń kọjá níbẹ̀ kéré. Ojú ṣì gbọ́dọ̀ ṣíwájú ọwọ́.

Fún àwọn ọmọdé, ọ̀rọ̀ náà kò gbọdọ̀ dúró lórí ìkìlọ̀. Ọmọ tó ti rí ibi tó ń lọ kì í rántí ìkìlọ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ní bọ́tìnnì kékeré kan ní etí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ní ibi tí a kò lè rí àfi tí ilẹ̀kùn náà bá ṣí. Bí a bá yí i tàbí tì í sí ipò rẹ̀, háńdù inú kò ní ṣiṣẹ́ mọ́, láti ìta nìkan ni ilẹ̀kùn náà yóò máa ṣí. Nínú àwọn ọkọ̀ mìíràn, ọ̀dọ̀ awakọ̀ ni bọ́tìnnì náà wà. Bí ó ti yẹ kó lọ ni pé kí àgbàlagbà kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, kí ó rìn yí ká lọ sí ìhà ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, kí ó ṣí ilẹ̀kùn fún ọmọ níbẹ̀, kí ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú kí ó tó máa kó ẹrù. Ọ̀pọ̀ òbí máa ń kó ẹrù sílẹ̀ ṣáájú nígbà tí ọmọ ti dúró sórí títì. Ẹrù lè dúró.

Ilẹ̀kùn ni mo fi ṣáájú nítorí pé òun ni àwọn ènìyàn máa ń bèèrè, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tó ṣíwájú rẹ̀: kí ọkọ̀ dúró lóòótọ́. Ọkọ̀ tó yí lọ lẹ́yìn tí ẹni tó wà á ti bọ́ sílẹ̀ lè fún un mọ́ ògiri, ó sì lè tẹ ẹlòmíràn mọ́lẹ̀. Níhìn-ín ni àríyànjiyàn jíà àti bíréèkì ọwọ́ ti wọlé. Nínú ọkọ̀ tó ń yí jíà fúnra rẹ̀, lẹ́tà P tí a ń fi jíà sí kì í di táyà mú rárá. Inú àpótí jíà ni iṣẹ́ rẹ̀ wà: irin kékeré kan máa ń sọ̀ wọ àárín eyín irin róbótó kan, kí irin náà má bàa yí mọ́. Bí ẹ bá wà lórí ilẹ̀ tó dagun, tí ẹ fi jíà sí P, tí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, ẹ ó rí i pé ọkọ̀ yóò yí díẹ̀, yóò sì gbọ̀n dúró. Gbogbo ìwúwo ọkọ̀ ló ti dùbúlẹ̀ sórí irin kékeré yẹn. Ìró "kàgbà" tí ẹ máa gbọ́ nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ yọ jíà kúrò ní P ni irin náà tó ń já ara rẹ̀ gbà. Nítorí náà, kí ẹsẹ̀ wà lórí bíréèkì, kí a fa bíréèkì ọwọ́, kí a wá fi jíà sí P, lẹ́yìn náà ni kí a gbé ẹsẹ̀ kúrò. Bí ó bá lọ bẹ́ẹ̀, bíréèkì tó wà lára táyà ni yóò gbé ìwúwo náà, irin inú àpótí jíà yóò sì jẹ́ alátìlẹ́yìn. Ìdáhùn sí àríyànjiyàn náà, nígbà náà, ni pé méjèèjì ló pọn dandan, ṣùgbọ́n bíréèkì ọwọ́ ló yẹ kó ṣáájú.

Nínú ọkọ̀ tí a ń fi ọwọ́ yí jíà rẹ̀, ẹ fi í sí jíà kìíní bí imú ọkọ̀ bá kọjú sókè, kí ẹ sì fi í sí jíà ẹ̀yìn bí ó bá kọjú sí ìsàlẹ̀. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ọ̀nà tí táyà iwájú kọjú sí náà ṣe pàtàkì. Bí ọkọ̀ bá kọjú sí ìsàlẹ̀, ẹ yí táyà sí ìhà etí títì, kí ó lè gbá bèbè, ìyẹn kọnkéré tó ga díẹ̀ ní etí títì, dípò kó bọ́ sójú ọ̀nà bí ó bá yí. Bí ó bá kọjú sókè tí bèbè sì wà, ìhà àárín títì ni kí ẹ yí i sí, nítorí pé bí ọkọ̀ bá sún sẹ́yìn, ẹ̀yìn táyà iwájú ni yóò fi ara ti bèbè. Níbi tí kò bá sí bèbè, ìhà etí ọ̀nà ni kí ó máa kọjú sí ní gbogbo ìgbà.

Àwọn ọkọ̀ tuntun ti mú ìdàrú mìíràn wá. Nínú àwọn kan, ọ̀pá jíà máa ń padà sáàárín fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti tì í, nínú àwọn mìíràn bọ́tìnnì ni a ń tẹ̀, ọwọ́ kò sì lè sọ fún ènìyàn mọ́ bóyá ọkọ̀ wà ní P tàbí kò sí níbẹ̀. Ojú ló gbọ́dọ̀ ka lẹ́tà tó hàn níwájú awakọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú ti ń tan àwọn ènìyàn jẹ: ọkọ̀ tí a ń fi bọ́tìnnì tan lè ṣì wà ní títàn nígbà tí ẹni tó ni í ti mú kọ́kọ́rọ́ wọlé. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ń lo epo, tí ó sì wà nínú gáréèjì tó pa mọ́, gáàsì olóró kan tó wà nínú èéfín rẹ̀, tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn tí a lè fi mọ̀ ọ́n, lè pa àwọn tó ń sùn nínú ilé. Bí ọkọ̀ bá sì ti ń yí lọ nígbà tí ẹ ti wà nílẹ̀, ẹ má sáré lọ tì í, ẹ má sì gbìyànjú àti fò padà sínú rẹ̀. Ara ènìyàn kò lè dá ohun tó wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ dúró.

Ọ̀rọ̀ kù nípa ara ẹni tó ń bọ́ sílẹ̀ gan-an. Àgbàlagbà, tàbí ẹni tí orúnkún ń dùn, kò yẹ kó gbé ẹsẹ̀ kan síta kó sì máa fi ìyẹn gbé gbogbo ara. Kí ó yí odidi ara rẹ̀ sí ìhà ilẹ̀kùn lórí ìjókòó, kí ẹsẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀, kí ó wá fi ọwọ́ ti ìjókòó tàbí férémù ọkọ̀ dìde. Kí ó má fi ilẹ̀kùn ṣe ọ̀pá ìdìmú, nítorí pé ilẹ̀kùn ń rìn. Ẹni tó ti jókòó pẹ́ lè rí i pé òòyì kọ́ òun bí òun ṣe dìde lójijì. Kí ó jókòó sí etí ìjókòó fún ìgbà díẹ̀ ná. Gbogbo èyí ń gba àkókò, ilẹ̀kùn yóò sì wà ní ṣíṣí fún gbogbo àkókò náà, ìdí sì nìyí tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi gbọ́dọ̀ jókòó sí ìhà ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìrìnàjò. Bí ọkọ̀ bá ga, bíi ti akẹ́rù, ọ̀nà mìíràn ni: kí ènìyàn kọjú sí ọkọ̀, kí ó máa fi ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀, kí ọwọ́ méjèèjì àti ẹsẹ̀ kan, tàbí ẹsẹ̀ méjèèjì àti ọwọ́ kan, máa wà lára ọkọ̀ nígbà gbogbo. Kí ẹnikẹ́ni má fò. Ẹni tó kọjú sí ọkọ̀ sì ti kọ ẹ̀yìn sí títì, nítorí náà wíwo ẹ̀yìn ṣáájú kò ṣeé fojú fò.

Afẹ́fẹ́ àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lè gba ilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn lọ́wọ́. Bí afẹ́fẹ́ líle bá ń fẹ́ láti ẹ̀yìn ọkọ̀, ó máa ń wọ inú ilẹ̀kùn bí ó ti ń ṣí, á sì jù ú síwájú pẹ̀lú agbára. Bí imú ọkọ̀ bá kọjú sí ìsàlẹ̀, ìwúwo ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ ni yóò fà á ṣí. Bí ó bá kọjú sókè, yóò máa fẹ́ padà wá gbá ẹsẹ̀ ẹni. Ní irú ibi bẹ́ẹ̀, ọwọ́ tó na kọjá àyà kò lágbára tó. Kí òun ṣí ilẹ̀kùn, kí ọwọ́ tó wà nítòsí sì di ìdìmú inú ilẹ̀kùn mú kí ó má bàa já lọ.

Ohun kékeré kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ń bèèrè, ìyẹn iná tó máa ń ta ènìyàn lọ́wọ́ nígbà tó bá bọ́ sílẹ̀ tó fẹ́ ti ilẹ̀kùn. Aṣọ tó ń fi ara gbo ìjókòó ló ń kó o jọ sára, bàtà onírọ́bà kò sì jẹ́ kó lọ sínú ilẹ̀. Kò lè pani, ṣùgbọ́n ó lè mú kí ènìyàn ta gìrì sẹ́yìn sójú títì. Bí ẹ bá di irin férémù ilẹ̀kùn mú kí ẹ tó kúrò lórí ìjókòó, tí ẹ kò sì fi sílẹ̀ títí ẹsẹ̀ yóò fi kan ilẹ̀, kò ní ta yín.

Bí ẹ bá ti wà nílẹ̀ ní ìhà títì, ìhà ẹ̀yìn ọkọ̀ ni kí ẹ gbà lọ sí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, kí ẹ lè kọjú sí àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà náà. Ẹni tó gba iwájú ti kọ ẹ̀yìn sí wọn. Kí ẹ má dúró sáàárín ọkọ̀ méjì tó sún mọ́ra, nítorí pé kò sí ibi tí ẹ lè yà sí bí ọ̀kan nínú wọn bá sún. Kí ẹ tó ti ọkọ̀ pa, ẹ wo ìjókòó ẹ̀yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dá yín lójú pé kò sí ọmọ níbẹ̀: inú ọkọ̀ tó wà nínú oòrùn lè fi nǹkan bí ìwọ̀n Celsius 10 gbóná sí i láàárín ìṣẹ́jú 10, fèrèsé tí a ṣí díẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ dín in kù. Lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀, bí ọkọ̀ bá bàjẹ́, òfin kan ṣoṣo ló wà: kí iná ìkìlọ̀ máa ṣẹ́jú, kí gbogbo ènìyàn gba ìhà tó jìnnà sí àwọn ọkọ̀ jáde, kí wọ́n sì lọ dúró sẹ́yìn irin ìdábùú, kì í ṣe sí iwájú tàbí ẹ̀yìn ọkọ̀ náà.

Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ti ń wá ọ̀nà láti ran ojú lọ́wọ́. Nínú àwọn ọkọ̀ tuntun kan, ẹ̀rọ tó ń wo ẹ̀yìn máa ń tan iná pupa lára dígí tàbí lára ilẹ̀kùn bí nǹkan bá ń bọ̀, àwọn mìíràn sì máa ń di ilẹ̀kùn mú fún ìgbà díẹ̀ títí nǹkan náà yóò fi kọjá. Euro NCAP, àjọ tó ń dán ààbò ọkọ̀ wò ní Yúróòpù, ti fi ìjàǹbá ilẹ̀kùn àti ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ kún ohun tó ń dán wò láti ọdún 2023. Ẹ̀rọ wọ̀nyí dára, ṣùgbọ́n wọn kì í rí ohun gbogbo, pàápàá bí ọkọ̀ ńlá bá dúró gbágbáágbá sẹ́yìn yín tí ó dí wọn lójú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì ṣiṣẹ́ ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ lẹ́yìn tí a bá ti pa ọkọ̀. Ẹni tó pa ẹ́ńjìnnì, tó jókòó sínú ọkọ̀ tó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù fún ìgbà pípẹ́, tó wá fẹ́ bọ́ sílẹ̀, kò ní rí iná pupa kankan, bí alùpùpù tilẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.